Òkú Tí Mo Fi Ẹnu Sin

Obìnrin kan wà tí mo sin sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Inísà. N kò gbẹ́ ilẹ̀, n kò ra aṣọ funfun, n kò pe ẹbí jọ. Ẹnu lásán ni mo fi sin ín. Kò sì sẹ́ni tó kú.

Àníkẹ́ ni orúkọ mi. Dálémoṣú ni mí. Mo lọ ilé ọkọ ní Ìkìrun, mo bí ọmọ kan tí kò dúró, ọkọ mi fẹ́ ẹlòmíràn, mo bá di ẹrù mi padà sílé bàbá mi. Ẹ̀kọ ni mò ń sè tà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀kọ mọ̀ pé iṣẹ́ omi ni: a ó rẹ àgbàdo, a ó fọ̀ ọ́, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ, ká tó gbé e kaná.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀kọ ni wọ́n mọ̀ mí sí jù. Èmi ni mo mọ ibi tí wọ́n sin gbogbo òkú ilé wa sí.

Láyé àtijọ́, inú yàrá ni wọ́n ń sin àgbà sí. Nígbà tó yá, àwọn ilé alámọ̀ yẹn wó, òjò wọ́ wọn lọ, ibi tí yàrá wà tẹ́lẹ̀ di àgbàlá. Ẹni tí kò bá mọ̀, orí bàbá ńlá rẹ̀ ni yóò máa sá ẹ̀gẹ́ sí.

Ìyá tó bí bàbá mi, Ọ̀ṣunbíyìí, ló fi wọ́n hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé. N kò mọ̀wé nígbà náà. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo fi ara mi kọ́ kíkà àti kíkọ. Nítorí náà mo wá ọgbọ́n tèmi. Láràárọ̀, bí mo bá ń gbálẹ̀, n ó máa dárúkọ wọn láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìnkùlé. Ibi tí ìgbálẹ̀ bá dé ni orúkọ dé. "Bàbá Olówùú, ẹ káàárọ̀. Ìyá Aláró, ẹ káàárọ̀." Àwọn ọmọ ilé a máa rẹ́rìn-ín pé mò ń bá eruku sọ̀rọ̀.

Wọ́n lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa gbẹ́lẹ̀ nílé wa láìpè mí. Ìpìlẹ̀ ilé ni o, ṣáláńgá ni o, wọn a ní, "Ẹ pe Àníkẹ́ kó wá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́." N ó bọ́ bàtà, n ó rin ilẹ̀ náà já. Bí mo bá ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ, wọn a gbẹ́ ẹ. Bí mo bá ní, "Èèyàn wà níbí," wọn a kó ṣọ́bìrì wọn nílẹ̀. Ẹnì kan ò bi mí rí pé báwo ni mo ṣe mọ̀.

Ohun tí wọn kò bi mí yẹn ló bà mí jẹ́.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìkórè, Ayọ̀díjí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe ẹnjiníà l'Ékòó, wálé. Ó ní òun fẹ́ gbẹ́ kànga fún agbo ilé. Gbogbo wa jó. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ìsàlẹ̀ odò la ti ń pọnmi, ọ̀nà ibẹ̀ dagẹ̀rẹ́, ó sì ń yọ̀.

Wọ́n pe Oyèdélé, agbẹ́kànga kan láti Ìgbàyè. Ó yí agbo ilé po, ó wo igi, ó fọwọ́ pa iyẹ̀pẹ̀, ó wá dúró sí ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ igi ìyeyè.

"Omi wà níbí," ó ní. "Kò sì ní gbẹ."

"Ṣé kò sí níbòmíràn ni?" Èmi ni mo bi í.

Ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà tí mo ti ń sè ẹ̀kọ níwájú ilé. "Ó lè wà lọ́hùn-ún náà, màmá. Ṣùgbọ́n yangí ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Omi orí yangí, àlejò ni. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, ó lè dágbére."

Abẹ́ ìyeyè ni gbogbo ilé fẹ́. Ibẹ̀ ni ilé ìdáná gbogbo wọn dojú kọ, àfi tèmi. Èyí tó sún mọ́ ọn jù lọ ni ti Títílayọ̀, ìyàwó àbúrò mi kan. Títílayọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sè ẹ̀kọ tà ni. Ẹ̀kọ rẹ̀ ń dán. Àwọn tó ti ń rà lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ pípẹ́ ti ń gba ẹ̀yìn ilé wọlé.

Bí Oyèdélé ṣe sọ̀rọ̀ tán, Títílayọ̀ pàtẹ́wọ́. Ọkọ ni ìyàwó ilé ń pe ọmọ ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ obìnrin, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pè mí. "Ọkọ mi, ẹ̀yìn ọ̀dọ̀ mi lẹ ó ti máa pọnmi nìyẹn o! Ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà gbígbé korobá. N ó máa bù ú fún yín."

Àwàdà ló ń ṣe. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó tí mò ń sẹ́ ògì nírọ̀lẹ́, ẹ̀rín yẹn ò kúrò létí mi. Mo rí ara mi, èmi ọmọ ilé, tí mò ń gbé korobá kọjá níwájú ìyàwó ilé láràárọ̀. Mo rí àwọn oníbàárà mi tí wọ́n ń tẹ̀ lé omi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo rí kànga níwájú àtíbàbà mi. Mo rí gbogbo ilé tí wọ́n ń tò síbẹ̀, tí wọ́n ń kí mi kí wọ́n tó ju okùn sínú rẹ̀.

Mo ní, ṣebí omi ni omi ń jẹ́. Ṣebí gbogbo wọn ni yóò mu ún. Kí ló burú níbẹ̀ bó bá sún mọ́ mi díẹ̀?

Ilẹ̀ mọ́. Bàbá Fáwọlé, àbúrò bàbá mi tó jẹ́ baálé wa, ránṣẹ́ pè mí. "Àníkẹ́, wá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ká rí iṣẹ́ ṣe."

Mo bọ́ bàtà. Mo rìn lọ, mo rìn bọ̀ lábẹ́ ìyeyè. Mo mọ̀ pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ìgbálẹ̀, ẹnu mi kì í sì í sọ nǹkan kan bí mo bá débẹ̀.

Mo dúró. Mo ní, "Bàbá, èèyàn wà níbí."

"Ta ni?"

N kò tíì ronú dé orúkọ. Orúkọ kan ló kàn já bọ́ lẹ́nu mi. "Ọ̀ṣuntọ́lá."

"Ta ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ìyàwó kékeré tí bàbá yín fẹ́ láti Òkukù. Ibà ló pa á. Ìyá àgbà ló fi hàn mí."

Bàbá Fáwọlé yí fìlà rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "N kò gbọ́ orúkọ yẹn rí láyé mi."

"Ẹ ò tíì dáyé nígbà náà, Bàbá. Kò sì bímọ. Ẹni tí kò bímọ, ta ni yóò máa dárúkọ rẹ̀?"

Bí mo ṣe sọ ọ̀rọ̀ yẹn, omi bọ́ lójú mi. Irọ́ ni obìnrin náà o, ṣùgbọ́n òótọ́ ni ẹkún náà. Ara mi ni mò ń sunkún fún. Wọ́n rò pé nítorí òkú ni.

Ẹkún yẹn ló fi ìdí irọ́ náà múlẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún bi mí léèrè mọ́. Títílayọ̀ bu omi tútù, ó dà á sílẹ̀ lábẹ́ ìyeyè, ó kúnlẹ̀. "Ẹ dárí jì wá, ìyá. A ti ń da omi abọ́ lé yín lórí láti ọjọ́ yìí. A ò mọ̀ ni."

Ó yẹ kí n sọ òótọ́ níbẹ̀. Mo wọ bàtà mi.

Wọ́n gbẹ́ kànga sí ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà mi. Omi yọ. Òjò ọdún yẹn pọ̀, kànga kún, mo di Ìyá Oníkànga. Mo ní kí káfíńtà kan ìdérí fún un. Mo fi agádágodo sí i, mo ní kí eruku má baà wọ̀ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà létí ìró mi. Bí mo bá ń sẹ́ ògì lọ́wọ́, ẹni tó bá fẹ́ pọnmi yóò dúró.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, àgbàdo mi ti ń kan," Títílayọ̀ a ní.

"Mò ń bọ̀ ná. Ṣé èmi ni mo ní kó kan ni?"

Nígbà tí ọyẹ́ fẹ́ dé, omi bẹ̀rẹ̀ sí í relẹ̀. A so okùn mọ́ okùn. Ó di ẹrẹ̀. Ó gbẹ. Wọ́n pe Oyèdélé padà. Ó wọ inú rẹ̀ lọ, ìró dígà rẹ̀ ń dún gbọngbọn lórí àpáta. Ó jáde, ó gbọn ara rẹ̀. "Mo sọ fún yín. Àlejò ti lọ."

Bí gbogbo wa ṣe tún forí lé odò nìyẹn.

Níbi tí ọ̀nà ti dagẹ̀rẹ́ yẹn ni Títílayọ̀ ti yọ̀ ṣubú pẹ̀lú korobá omi. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun ní Ìkìrun, ó pẹ́ níbẹ̀. Ọwọ́ náà jinná, ṣùgbọ́n ó wọ́. Ọwọ́ tó wọ́ kò lè fún ògì, kò sì lè pọ́n ẹ̀kọ. Gbogbo oníbàárà mi padà sọ́dọ̀ mi. Ohun tí mo fẹ́ gan-an ni ọwọ́ mi tẹ̀ yẹn.

Mo gbé ọbẹ̀ lọ kí i.

"Ẹ ṣé, ọkọ mi," ó ní. "Bí kì í bá ṣe ti ìyá tó sùn sábẹ́ ìyeyè yẹn ni, omi ì bá wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ ṣe? Àgbà ló nilẹ̀."

Mo la ẹnu kí n sọ fún un. Mo ní, "Jẹun kó tó tutù."

Kò pẹ́ tí Ayọ̀díjí fi tún wálé. Ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó pe ìpàdé. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká bẹ ìyá yẹn. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn tọwọ́tọwọ́ wá síwájú ilé, ká kọ́ sàréè tó dáa fún wọn, ká kọ orúkọ wọn sí i. Ká wá gbẹ́ kànga sí ibi tí omi wà."

Mo fò dìde. "A kì í hú òkú!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Bàbá Fáwọlé ní. "Nígbà tí ọ̀nà ọ̀dà fẹ́ gba orí Bàbá Olówùú kọjá, ṣebí ìwọ lo fẹsẹ̀ tọ́ka sí wọn tí a fi gbé wọn? Kí ló ṣe wá?"

Ayọ̀díjí ń wò mí. "Àǹtí mi, kí ló dé tí ẹ ń gbọ̀n?"

"Ọyẹ́ ni."

"Ọyẹ́ kẹ̀? Nínú ooru yìí?"

Irọ́ mi ti kúrò lọ́wọ́ mi. Bàbá Fáwọlé ránṣẹ́ sí Òkukù kí wọ́n wá ẹbí ìyàwó náà kàn. Ẹ gbọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu: wọ́n rí wọn! Ilé kan níbẹ̀ ní àwọn àgbà àwọn máa ń sọ nípa ọmọbìnrin kan tó lọ́kọ sí apá Inísà tí wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Irọ́ mi ti ní àna. Adérógbà, ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn kan, ni wọ́n rán ṣíwájú wọn.

Ọjọ́ pé. Àwọn ẹbí dé láti Ìkìrun, àwọn àna dé láti Òkukù. Lèmọ́mù ilé wa wà níbẹ̀, wòlíì wà níbẹ̀, àwọn ìyá olọ́ṣun jókòó ti ara wọn. Wọ́n kan pósí kékeré. Títílayọ̀ ló di aṣọ funfun mú, ó fi ọwọ́ tó wọ́ tì í mọ́ àyà.

Oyèdélé ń gbẹ́ jẹ́jẹ́. Iyẹ̀pẹ̀ dúdú tán, pupa dé. Orúnkún rẹ̀ wọlẹ̀, ìbàdí rẹ̀ wọlẹ̀.

"Ilẹ̀ yìí le o," ó ní. "Ó jọ pé ẹnì kan ò tíì kàn án rí."

"Bóyá ó yẹ̀ sápá òsì díẹ̀," mo ní.

Wọ́n fẹ̀ ẹ́ sápá òsì. Wọ́n fẹ̀ ẹ́ sápá ọ̀tún. Wọ́n tún walẹ̀ sí i, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò ní kí wọ́n dúró. Orí Oyèdélé ti wọlẹ̀ tán nígbà tí a gbọ́ ohùn rẹ̀ nísàlẹ̀.

"Omi," ó ní.

Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ wò ó. Omi ń sun jáde yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, ó mọ́ tónítóní. Àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́. Kò sí àgbà kankan tó pàtẹ́wọ́.

Bàbá Fáwọlé wo omi náà. Ó wò mí. "Àníkẹ́, níbo ni ìyá yẹn wà?"

Kò sí ibi tí mo lè sá sí. "Kò sí, Bàbá."

"Kò sí báwo?"

"Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Mo fẹ́ kí kànga wà lọ́dọ̀ mi ni."

Adérógbà bú sẹ́rìn-ín. "A wá gbé òkú wa, ẹ bu omi fún wa! Ẹ kú ìnáwó o, ẹ̀yin àna. Pósí yìí ńkọ́? Ṣé ká fi pọnmi lọ sílé ni?"

N kò bìkítà fún tirẹ̀. Títílayọ̀ ni n kò lè wò. Ó ká aṣọ funfun náà, ó gbé e lé ilẹ̀ síwájú mi.

"Mo kúnlẹ̀," ó ní. "Ọkọ mi, mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ yìí, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí."

Láti ọjọ́ náà, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ títí di òní.

Bàbá Fáwọlé ní, "Má fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ kankan nílé yìí mọ́."

Mo rò pé ìyà mi parí síbẹ̀. Kò tíì bẹ̀rẹ̀.

A ní oko kan lọ́nà Òkukù, Ìdí Ayùnrẹ́ la ń pè é. Ibẹ̀ ni ìyá bàbá mi, Ọ̀ṣunbíyìí tó kọ́ mi, kú sí. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, odò kún bo afárá, wọn kò lè gbé e wálé. Ẹ̀yìn ahéré rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Bàbá mi àti àwọn ọkùnrin tó gbẹ́lẹ̀ ti kú tán. Bàbá Fáwọlé wà ní Gánà nígbà náà. Èmi ọmọ kékeré ni mo wà níbẹ̀, mo fi ọwọ́ mi wa iyẹ̀pẹ̀ bo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, àwọn ilé Adérógbà wọ oko náà, wọ́n ro ó, wọ́n ní tàwọn ni. Àwọn àgbà ìlú méjèèjì pàdé wa níbẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn bi wá pé, "Ẹ̀rí wo lẹ ní?"

Bàbá Fáwọlé ní, "Ìyàwó bàbá mi sùn síbí."

"Níbo gan-an? Ahéré ò sí mọ́. Ta ló lè tọ́ka sí i?"

Gbogbo ilé wa ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ayọ̀díjí ló sọ ọ́ níkẹyìn. "Àǹtí mi mọ̀ ọ́n."

Mo bọ́ bàtà. Mo rìn lọ sídìí kùkùté ayùnrẹ́, mo kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, mo dúró. "Níbí ni."

Adérógbà ké sí àwọn èèyàn rẹ̀. "Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ, kó gbé korobá wá o! Ìyá tún ti rí kànga!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn kan nínú ará ilé wa rẹ́rìn-ín.

Àgbà náà gbọ́wọ́ sókè. "Ọ̀rọ̀ ò pọ̀. Ẹ gbẹ́ ẹ. Bí eegun bá wà níbẹ̀, ilẹ̀ tiyín ni. Bí kò bá sí, ẹ máa lọ ní àlàáfíà."

"Ẹ gbẹ́ ẹ!" mo ní. "Mo bẹ̀ yín, ẹ gbẹ́ ẹ!"

Ayọ̀díjí ti mú ṣọ́bìrì. "Àǹtí mi, ṣé wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́?"

"Wọ́n wà níbẹ̀, Ayọ̀. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi bo ẹsẹ̀ wọn."

Ó ti ṣọ́bìrì bọlẹ̀. Bàbá Fáwọlé di igi ṣọ́bìrì náà mú.

"Àníkẹ́, ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Bàbá."

"Ṣé bó ṣe dá ọ lójú lábẹ́ ìyeyè ni?"

Ẹkún gbọ̀n mí, ṣùgbọ́n ẹkún mi náà, wọ́n ti rí i rí.

Bàbá Fáwọlé yọ ṣọ́bìrì lọ́wọ́ Ayọ̀díjí. Ó yíjú sí àwọn àgbà. "Ìtìjú kan tó ilé kan. Bí a bá gbẹ́ ẹ lójú ará Òkukù, tí a kò tún bá nǹkan kan, a ò ní lè gbójú sókè ní Inísà mọ́. Ẹ pààlà síbi tí wọ́n wí."

Wọ́n pààlà. Eegun ìyá àgbà wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, n kò rò pé ó jìn ju ìbàdí èèyàn lọ. Ilẹ̀ tí gbogbo ọmọ ilé wa ì bá máa jẹ lọ́jọ́ iwájú, wọ́n fi sílẹ̀ nítorí pé wọn kò lè fọkàn tán ẹsẹ̀ mi mọ́. Wọ́n máa ń sọ pé òótọ́ yóò lé irọ́ bá. Tèmi lé e bá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó kanlẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó ṣí i fún un.

Ìwọ tí ò ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, bóyá nǹkan kan wà tí àwọn èèyàn rẹ gbé lé ọ lọ́wọ́ láìbi ọ́ léèrè: kọ́kọ́rọ́ ni o, ẹ̀rí ẹnu ni o, orúkọ rere ilé yín ni. Mo rò pé ìmọ̀ mi, tèmi ni, pé mo lè bù jẹ nínú rẹ̀ kí n tún bò ó mọ́lẹ̀. Tiwọn ni. Èmi kàn ń bá wọn gbé e ni. Ọjọ́ tí mo bù ú jẹ, ẹnu gbogbo ilé ni mo ti gba oúnjẹ.

Láràárọ̀ báyìí, bí mo bá ṣílẹ̀kùn, n ó bá korobá omi kan níwájú àtíbàbà mi, ó kún dẹ́nu. Títílayọ̀ ní ń fi ọwọ́ rẹ̀ tó kù gbé e wá. Kì í kí mi, kì í dúró. Lọ́jọ́ tó ṣàwàdà yẹn, ó ní òun ó máa bù ú fún mi, ó sì ń bù ú.

Kànga abẹ́ ìyeyè kò gbẹ rí. Àwọn ọmọdé ti sọ ọ́ lórúkọ. Wọn a gbé korobá lórí, wọn a máa ké sí ara wọn pé, "Mò ń lọ sí Ọ̀ṣuntọ́lá! Ṣé o ti ti Ọ̀ṣuntọ́lá dé?" Wọ́n ń dárúkọ rẹ̀ láràárọ̀ bí mo ṣe ń gbálẹ̀.

Ní Ìdí Ayùnrẹ́, ẹ̀gẹ́ àwọn ará Òkukù ló wà lórí Ọ̀ṣunbíyìí.